Ẹ Má Gé Àgbá Kúrò Nínú Fọ́tò Bàbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi, ọmọ Ajílété nílé lóko, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ náà ẹ kú àtìlẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé kí ẹni tó bá ní fọ́tò ṣọ́jà ayé ogun Hítílà nílé mú un jáde ká jọ wò ó, fóònù mi ò sinmi mọ́, fọ́tò ń wọlé láàárọ̀, ó ń wọlé lálẹ́, inú mi sì ń dùn gan-an torí mo ti rò pé gbogbo ẹ̀ ti bá àwọn arúgbó lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo mú nínú wọn lónìí, àgbá ogun àwọn ará Ítálì, ìbọn ńlá oníkẹ̀kẹ́ wọn, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

"Bàbá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀rà. Bàbá tó bí bàbá mi ló wà nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ yìí, àwọn àti ṣọ́jà mẹ́ta míì, wọ́n dúró ti àgbá kan. Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. A fẹ́ ṣe ìrántí wọn lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní ká gé àgbá yẹn kúrò, kó jẹ́ ojú bàbá nìkan ló máa wà lórí bánà. Àmọ́ ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí fọ́tò náà, ó ní àgbá Ítálì nìyẹn, pé Bọ́mà kọ́ ni wọ́n ti yà á. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀?" — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ìrántí bàbá láyọ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná, kí wọ́n má tíì gé nǹkankan. Òótọ́ lẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sọ. Àgbá Ítálì ni, 65/17 ni wọ́n ń pè é, ọdún 1913 ló wọ iṣẹ́ ológun wọn, àwọn ṣọ́jà tó ń jà lórí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí wọ́n lè tú u palẹ̀ kí wọ́n sì dì í lé ìbaaka lẹ́yìn, ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń fún àwọn ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ náà. Odindi ẹ̀ ò ju bíi 556 kílò lọ, ìyẹn ò tó nǹkan fún àgbá o.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Mo gbé rúlà lé fọ́tò yín. Bàbá tó wà lápá ọ̀tún ò jìnnà sí àgbá yẹn rárá, èjìká wọn kan asà ẹ̀, ìyẹn páànù tó ń bo àwọn ṣọ́jà tó ń yìn ín, àgbá náà sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa tààrà, ohun tá a fẹ́ gan-an nìyẹn torí tó bá kọjú sí wa ni, ọ̀pá ẹ̀ á dà bíi pé ó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àtàrí bàbá dé gìgísẹ̀, mi ò ka fìlà mọ́ ọn, ó jẹ́ 9.1 sẹ̀ǹtímítà lórí fọ́tò. Ọ̀pá àgbá jẹ́ 5.9. Ká ní bàbá ò ga jù wọn ò sì kúrú, ká wá fi wọ́n sí 1.70 mítà, ìyẹn ni pé ọ̀pá àgbá yẹn á jẹ́ bíi 1.10 mítà. Ẹ wá gbọ́ o, orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń sọ àgbá wọn, ìwọ̀n ló jẹ́: nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni bí ihò ẹnu ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, ìkejì ni iye ìgbà tí fífẹ̀ ihò yẹn máa wọ inú gígùn ọ̀pá ẹ̀. 65 lọ́nà 17, mìlímítà 1,105. Ìyẹn 1.10 tí rúlà wa sọ náà nìyẹn. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yẹn tán, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Àmọ́ gígùn nìkan ò tó o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà ní àgbá tiwọn tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, èyí tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ ínṣì 3.7, àgbá orí òkè lòun náà, wọ́n máa ń tú u fún ìbaaka, ní Bọ́mà ṣe ni wọ́n ń rù ú lórí kiri inú igbó, ọ̀pá ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé rúlà lé e, ó lè jọ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú tiyín. Ìrù, ìyẹn apá tó nà sẹ́yìn àgbá tó fi ń tilẹ̀, la fi ń yà wọ́n. Àgbá 3.7 ìnṣì, ìrù méjì ló ní, ó máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó ya ẹsẹ̀ jókòó. 65/17, ìrù kan ṣoṣo ló ní, ó nà án sẹ́yìn gbọọrọ. Nínú fọ́tò yín, ẹ wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ṣọ́jà kejì láti apá òsì, ẹ máa rí ìrù yẹn, ẹyọ kan ni, ṣọ́jà ọ̀hún tiẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 94, ó fẹ̀, ó ki, tiyín yìí tín-ín-rín.

Níbo wá ni àwọn bàbá wa ti bá àgbá Ítálì pàdé? Ítálì wọ ogun yẹn ní June 10, 1940, wọ́n sì ti wà ní Ẹtiópíà àti Sòmálíà tẹ́lẹ̀. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà lọ sí Kẹ́ńyà, látibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Sòmálíà. February 25, 1941 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadishu, wọ́n wá gba ojú títì lọ sí apá àríwá, ó ju 1,000 kìlómítà lọ kí wọ́n tó dé Jijiga, March 17 sì ni wọ́n débẹ̀. Lẹ́yìn Jijiga ni òkè wá bẹ̀rẹ̀, Marda, Babile, Bisidimo, gbogbo ibẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ti gbé àgbá sórí òkè tí wọ́n ń dúró de wọn. March 26, àwọn ọmọ Nàìjíríà yẹn náà ló gba Harar. Nígbà tó fi máa di April 6, Addis Ababa ti bọ́ lọ́wọ́ Ítálì. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gba àgbá lọ́wọ́ wọn, ṣọ́jà tó bá sì ti gba àgbá lọ́wọ́ ọ̀tá, ṣé kò ní fẹ́ ya fọ́tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni?

Ní Bọ́mà, àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n bá jà, àgbá tí wọn ì bá gbà níbẹ̀ á jẹ́ ti Jàpáànù. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ wọn kéré gan-an, ẹnu ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70, ó lọ sílẹ̀, ọ̀pá ẹ̀ ò tó mítà kan. Ohun kejì ni apá aṣọ. Àwọn tó lọ sí Bọ́mà lábẹ́ Division 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943, àmì alántakùn dúdú ló wà lápá aṣọ wọn. Apá aṣọ bàbá yín ò ní nǹkankan.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ lọ sọ pé bàbá purọ́ o! Ẹ má yọ Bọ́mà kúrò lórúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà tó ja ogun Ẹtiópíà ló padà sílé, tí wọ́n tún kó wọn lọ sí Bọ́mà lẹ́yìn ẹ̀, Bọ́mà ló sì gba gbogbo orúkọ lọ nígbà tí wọ́n dé, títí dòní ẹni tó bá ti lọ sógun yẹn, Bọ́mà là ń pè é. Fọ́tò yìí kàn jẹ́ ká mọ̀ pé kí bàbá tó rí Bọ́mà, wọ́n ti fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ míì tí wọn ò sọ fún yín. Àgbá yẹn ló sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá gé e kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ láé.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí, ó ń dùn mí. Bàbá ìyá mi náà ya irú fọ́tò yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi sínú férémù, ẹni tí wọ́n gbé e fún gé e kó lè wọ férémù, ó gé e láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó kù lára àgbá yẹn ò ju ìlàjì kẹ̀kẹ́ lọ, sípóòkù igi mẹ́fà, àti ọwọ́ òsì bàbá tí wọ́n fi lé etí páànù kan tí mi ò lè sọ bóyá asà ni àbí kí ni. Mi ò rí ọ̀pá, mi ò rí ìrù, mi ò rí ìdí ẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wo sípóòkù mẹ́fà yẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ojú bàbá lè tóbi lórí bánà, kò burú, àmọ́ ẹ tẹ odindi fọ́tò náà sísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ "1941" sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Owódé, Ọ̀yọ́. Ẹnìkan ju fọ́tò kan sínú gúrúùpù WhatsApp wa, ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú mẹ́fà yí àgbá kan ká, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àgbá Ítálì tí wọ́n gbà ní Ẹtiópíà ni. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú, mo rí SKODA gàdàgbà nídìí àgbá yẹn. Mọ́tò ni Skoda tí mo mọ̀, kì í sì í ṣe ti Ítálì. Mo ti bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí títí, mo ní irọ́ ni. Ṣé mi ò jàre?"

Àbúrò mi, o ò jàre, àmọ́ ojú ẹ mú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní wo ìdí àgbá rárá, ìdí ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń fín orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún sí. Kí Skoda tó di ohun tá a fi ń pe mọ́tò, iléeṣẹ́ wọn ní Pilsen, ìlú kan tó wà ní Czech báyìí, ló ń rọ àgbá fún Ọ́síríà òun Họ́ńgárì. Ítálì àti Ọ́síríà bá ara wọn jà nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nígbà tí Ọ́síríà sì fọ́ ní November 1918, àìmọye àgbá ló bọ́ sọ́wọ́ Ítálì. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n fún un ní nọ́ḿbà tiwọn, wọ́n ń lò ó lọ, títí ogun kejì fi dé bá wọn pẹ̀lú ẹ̀. Torí náà àgbá lè jẹ́ ọmọ bíbí Pilsen kó sì jẹ́ ṣọ́jà Ítálì ní Ẹtiópíà.

Méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ni 77/28, ìyẹn fi orúkọ da èèyàn láàmú, torí àwọn ará Ọ́síríà ń pè é ní sẹ̀ǹtímítà 8, Ítálì ń pè é ní 77, ẹnu ẹ̀ gan-an sì jẹ́ mìlímítà 76.5, orúkọ mẹ́ta lórí ọmọ kan. Idẹ ni ọ̀pá ẹ̀, àmọ́ fọ́tò dúdú àti funfun ò lè fi ìyẹn hàn wá. Ìkejì ni 100/17. Ṣe bí mo ṣe ṣe fún Ìyá Ìbejì, fi èèyàn wọn ọ̀pá. 100 lọ́nà 17 jẹ́ mítà 1.7, gíga ọkùnrin kan gẹ́ẹ́, ọ̀pá ẹ̀ sì máa ki bí ọ̀pá ilé. 77/28 ti ju mítà méjì lọ, ó gùn ju ọkùnrin lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wà nínú fọ́tò tìẹ, ṣọ́jà kan dùbúlẹ̀ sórí ọ̀pá ẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, orí ẹ̀ kan ìdí àgbá, ẹsẹ̀ ẹ̀ dé ẹnu ẹ̀. Kò tún sí rúlà tó ju ìyẹn lọ. 100/17 ni.

Ohun tí mi ò ní bá ẹ búra fún ni pé Ẹtiópíà ni wọ́n ti yà á. Ítálì lo 100/17 ní Líbíà náà dáadáa. Àgbá á sọ ẹni tó ni ín fún ẹ, ilẹ̀, fìlà àti àmì aṣọ ló máa sọ ibi tó wà. Àwọn ṣọ́jà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń lo àmì igi ọ̀pẹ. Tó o bá rí ọ̀pẹ yẹn lára fìlà ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà yẹn, fi ibẹ̀ nìkan ránṣẹ́ sí mi, kí n wò ó.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, o béèrè nínú ìwé ẹ bóyá Ítálì ní àgbá tó tóbi jù báyẹn lọ. Wọ́n ní i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa wò nínú fọ́tò ni 149/35, àgbá tó ti wà kí ọ̀rúndún tó kọjá tó gbóná rárá, ọ̀pá ẹ̀ lé ní mítà márùn-ún, síbẹ̀ kò ní ohunkóhun tó ń gba títa ìbọn mọ́ra. Àwọn àgbá tó kù, tí wọ́n bá yìn wọ́n, ọ̀pá nìkan ló ń fà sẹ́yìn táá sì padà sáyè ẹ̀. Eléyìí, gbogbo ara ẹ̀ ló ń yí sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ẹ̀, àwọn ṣọ́jà á ti to igi dídàgẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀, á gun ún lọ sókè, á tún yí wálẹ̀ padà sáyè ẹ̀. Tó o bá ti rí àgbá gbọọrọ kan nínú fọ́tò, tí pátákó dàgẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀, tí wọ́n tún to páànù irin pẹrẹsẹ yí kẹ̀kẹ́ náà ká bí ẹni wọ bàtà fún un, o ò nílò rúlà mọ́.

"Ẹ káàsán sà. LAUTECH ni mo wà, mò ń gbé ní Under G. Mo ya fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù bàbá ọ̀rẹ́ mi, mo fi wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní àgbá Jámánì tí wọ́n fi ń fọ́ táǹkì ni. Ó kéré gan-an, kò ní asà, táyà ẹ̀ kékeré."

Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, kò mọ ilé ẹ̀. Àgbá tí wọ́n fi ń fọ́ táǹkì ni lóòótọ́, àmọ́ ti Jámánì tó jọ ọ́, oní mìlímítà 37, ó ní asà tó fì sẹ́yìn. Èyí tí kò ní asà rárá, tí ọ̀pá ẹ̀ dé bí èjìká èèyàn tó bá dúró, 47/32 ti Ítálì nìyẹn, Böhler ti Ọ́síríà ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, Ítálì wá gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè yọ táyà ẹ̀ kúrò kí wọ́n gbé e jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí náà tó o bá rí i nínú fọ́tò míì láìsí táyà, má pè é ní nǹkan míì. Àwọn ṣọ́jà Ítálì ń pè é ní erin kékeré lédè wọn. Ìwọ pẹ̀lú, o káre, tí wọ́n bá gbà ẹ́ láyè, ya gbogbo álíbọ́ọ̀mù yẹn pátá.

"Bàbá Fọ́tò, mo wà ní Jábàtà, Ọ̀yọ́. Fọ́tò ọkọ mi tó lọ sógun ti pupa, ó ti ń ṣá. Ọmọ mi kékeré ní òun á fi AI tún un ṣe kó mọ́lẹ̀ kedere. Ṣé kí n gbà fún un?"

Màmá, ẹ gbà fún un, àmọ́ kó kọ́kọ́ ya fọ́tò náà bó ṣe wà, pẹ̀lú pípupa ẹ̀ àti gbogbo àbàwọ́n ẹ̀, kó tọ́jú ìyẹn síbi tí kò ní sọnù, kó tó fi ẹ̀dà kejì ṣe ohun tó wù ú. Ìdí ni pé AI kì í sọ pé òun ò rí nǹkan, ibi tí kò bá rí, á fi tara ẹ̀ sí i. Mo dán an wò pẹ̀lú fọ́tò kan lóṣù tó kọjá, kẹ̀kẹ́ tó ní sípóòkù méjìlá, nígbà tí AI fi máa tún un ṣe tán ó ti di mẹ́rìnlá, asà tó ti ṣá náà ti di nǹkan bí ilẹ̀kùn. Ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ mọ́ dáadáa, àgbá yẹn ló di ohun tí kò sí ní gbogbo ayé. Kó tún wo bọ́tìnnì aṣọ ọkọ yín. Bọ́tìnnì aṣọ ọkùnrin, apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń wà, tó bá jẹ́ pé apá òsì ni gbogbo àwọn ṣọ́jà inú fọ́tò ní bọ́tìnnì sí, a jẹ́ pé ẹni tó fọ fọ́tò yẹn yí fíìmù padà, àgbá náà á sì ti yí pẹ̀lú ẹ̀, ohun tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún á wà lápá òsì.

Tó bá jẹ́ pé fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á, ẹ má fi omi sí i. Kó gbé e sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀ kó yà á láti orí gíláàsì, kó pa iná fóònù ẹ̀. Kó ya ẹ̀yìn férémù náà, torí àwọn bàbá yẹn fẹ́ràn láti máa kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò, ó lè jẹ́ orúkọ ìlú, ó lè jẹ́ nọ́ḿbà ṣọ́jà wọn. Kó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, Màmá, ẹ̀yin náà ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá dá mọ̀ nínú fọ́tò náà fún un, kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀.